Àjẹ́ Tó Ń Se Omi

Ọjọ́ Àìkú ni Olúwaṣìkẹ́mi jó níwájú pẹpẹ tí gbogbo ìyá ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n sin ín. Ọmọ ọdún méjì péré. Ìgbẹ́ gbuuru mú un láàárọ̀, èébì bá a lọ́sàn-án, kí àkùkọ tó kọ, ọmọ ti kú. Kò ṣubú, kò jẹ ohun tí àwọn ọmọ yòókù ò jẹ. Òun ló sì ṣe ìkẹta tó kú bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan ààbọ̀ ní etí omi àwọn Ìlàjẹ, lẹ́yìn Ugbuwangue, ní ìlú Warri. Tí ọmọ kan bá kú, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Tó bá di méjì, wọ́n á ní ìgbà ló le. Tó bá ti di mẹ́ta, ayé á wá ẹni tí wọ́n máa gbé e lé lórí.

Ìkúnayọ̀ ni wọ́n gbé e lé lórí. Ìyá àgbà ọmọ tó kú náà ni, òun ló bí Ọlámigòkè tó jẹ́ bàbá ọmọ. Opó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ó ń yan ẹja tà, ó sì ń dẹ àwọ̀n fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹnu rẹ̀ mú. Obìnrin tí kò lọ́kọ, tí ẹnu rẹ̀ mú, tí kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: bí wọ́n bá ń wá àjẹ́, ṣé ilé olówó ni wọ́n á kọ́kọ́ yà?

Rebecca, ìyàwó Ọlámigòkè, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Wọn ò tíì da erùpẹ̀ tán tó fi na ìka sí ìyá ọkọ rẹ̀. Warri ni wọ́n bí i sí, tí inú bá sì ti ń bí i, Pidgin ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Na you! Na you chop my pikin! Ọmọ ọmọbìnrin yín ń sanra, tèmi ń kú. Ṣé tèmi lẹ fi ń bọ́ tiyín ni?”

Ìtùnú, ọmọ oṣù mẹ́wàá, wà lẹ́yìn Ìkúnayọ̀, ó ń fa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ọmọbìnrin Ìkúnayọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ ránṣọ ní Sapele ló bí i, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló fi í sí. Gbogbo ojú sì yí sí ọmọ náà, wọ́n ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó yọ.

“Kò tilẹ̀ sunkún,” ẹnìkan sọ lẹ́yìn.

Ìkúnayọ̀ yíjú padà. “Bí mo bá sunkún, ẹ ó ní ẹkún àjẹ́ ni. Bí mi ò bá sunkún, ẹ ó ní ọkàn àjẹ́ ni. Èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì, kí n ṣe é fún yín?”

Ó rìn kọjá láàárín wọn lọ sílé, ó koná sábẹ́ ẹja, ó wá sunkún dáadáa nínú èéfín, nítorí ó fẹ́ràn Olúwaṣìkẹ́mi ju bí ó ṣe lè sọ lọ. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó.

* * *

Ká má purọ́, ẹ̀rí tí wọ́n ní lọ́wọ́ pọ̀.

Àkọ́kọ́, Ìkúnayọ̀ kì í mu omi láìsè é. Ní ìdájí ni ó máa ń yan ẹja tán, dípò kó sì pa iná, á gbé ìkòkò dúdú kan kà á. Kò sí iṣu nínú ẹ̀, kò sí ẹja. Omi lásán ni. Á dúró tì í títí á fi hó yaya, á sì fi í sílẹ̀ kó tutù. Àwọn tó ń lọ sídìí àwọ̀n wọn á máa wò ó láti inú ọkọ̀, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè ohun tó ń wá nínú omi tí kò fi iyọ̀ sí.

Èkejì, kì í fọwọ́ kan oúnjẹ ọmọ láìjẹ́ pé ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé igbọ̀nwọ́. “Ẹ̀jẹ̀ ta ló ń fọ̀?” ni wọ́n ń wí. Ẹ̀kẹta, ẹyẹ eléérú kan, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ń bà sórí òrùlé ibi ìyanja rẹ̀ ní gbogbo àṣálẹ́, á tẹ́ ọrùn, á máa wo ilé onílé. Ní alẹ́ tí Olúwaṣìkẹ́mi máa kú, ẹyẹ yẹn ké lẹ́ẹ̀mejì. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

“Ìfun ẹja ló ń wá,” Ìkúnayọ̀ sọ fún wọn. “Ẹ da ìfun ẹja sẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ wò ó bóyá kò ní í wá kí yín.”

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó burú jù ni ti obìnrin oníhíjáàbù. Mutmainah ni orúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Agbassa; bàbá rẹ̀, Sàláhúdéènì, ọmọ Ọ̀yọ́, ń ta aṣọ lọ́jà. Nígbà tí Ìtùnú pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, obìnrin yìí gbé àpótí oníyìnyín wá sí ilé Ìkúnayọ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bọ́dúnrìn, ọkùnrin tó ń pọn omi fún ìjọ, yọjú láti àlàfo pákó. Ó rí i tí wọ́n ṣí ẹnu ọmọ, tí wọ́n kán nǹkan sí i. Nǹkan náà kò sì ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

“Ẹnu ni wọ́n ń gbà fún èèyàn ní àjẹ́,” Bọ́dúnrìn ń sọ kiri. “Wọ́n ti fún ọmọ yẹn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣàìsàn?”

Òótọ́ ni pé Ìtùnú kì í ṣàìsàn. Òótọ́ náà ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìdí tí wọ́n fi tì í ni pé Wòlíì Adépọ̀jù, olórí ìjọ aláṣọ funfun tó wà létí omi, ti sọ fún gbogbo ìyá ọlọ́mọ pé ẹni tó bá gba àjẹsára ti fi hàn pé òun ò nígbàgbọ́ nínú omi àdúrà.

Ìkúnayọ̀ nígbàgbọ́. Aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ní ìlú rẹ̀ létí òkun, àrùn onígbáméjì wọlé, ó sì gba ọmọ méjì lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá ló gba ọmọ kẹta là, Ọlámigòkè nìyẹn. Nọ́ọ̀sì náà jókòó tì í, ó ń fi ṣíbí fún un ní omi tí wọ́n po oògùn mọ́. Kó tó lọ, ó di Ìkúnayọ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní, “Ìyá, ẹ se omi. Ẹ fọwọ́. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín débi tẹ́ ẹ máa jáwọ́.” Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti fi í ṣẹ̀sín dé ibi tí ẹ̀sín mọ, kò jáwọ́.

* * *

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú, Ọlámigòkè wá bá ìyá rẹ̀ ní ìdájí. Apẹja ni òun náà, géńdé, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yẹn, òpó ibi ìyanja ló fara tì.

“Ìye,” ó ní, bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń pe ìyá wọn, “ó ti mú Elijah.”

Elijah ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ìkúnayọ̀ ju ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti òru. Ìgbẹ́ omi ni. Rebecca ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fún un lómi àdúrà.”

“Ẹ gbà á lẹ́nu ẹ̀! Ọlámigòkè, ẹ gba omi yẹn lẹ́nu ọmọ!”

“Ìye, ẹ jọ̀ọ́.” “Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá. Wòlíì ní ẹ wá jẹ́jọ́. Ẹ kàn bá wọn ṣe ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe. Tìtorí mi.”

Ìkúnayọ̀ wò ó. Nǹkan tó dùn ún jù kì í ṣe àjẹ́ tí wọ́n ń pè é. Ó dùn ún pé ọmọ tí wọ́n fi ṣíbí jí dìde lójú òun ń bẹ òun kí òun gbà pé òun ni àjẹ́.

Ó so Ìtùnú mọ́ ẹ̀yìn, ó tẹ̀ lé e.

Ilé ìjọ náà wà lórí òpó, pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ wọnú omi. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni wọ́n ti ń pọn omi àdúrà. Wọn kì í pọn ọ́n nígbà tí omi bá ń fà. Àwọn bàbá wọn ló ti kọ́ wọn pé omi tó ń fà ń gbé ẹrù ìlú lọ sókun, omi tó ń kún ló ń gbé ìbùkún òkun bọ̀. Nítorí náà, tí omi bá ti yí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún, Bọ́dúnrìn á wọ aṣọ funfun, á fi garawa bù ú, Wòlíì á gbàdúrà sí i, wọ́n á dà á sínú àgbá. Wọn kì í gbé e kaná láé, torí wọ́n ní iná ń pa àdúrà inú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń mu díẹ̀ lójoojúmọ́; ẹni tó bá ń ṣàìsàn á mu ife mẹ́ta lóòjọ́.

Wòlíì Adépọ̀jù dúró níwájú pẹpẹ. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló ń sin òkú tálákà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún nítorí àwọn ọmọ tó ń kú náà. Ebi ti fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé.

“Màmá Ìkúnayọ̀,” ó ní, “mo rí ìran. Mo rí ìyá àgbà kan, ó jókòó ti ìkòkò dúdú, orí àwọn ọmọ ń yọ lójú omi inú rẹ̀. N kò fẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ lónìí, Bọ́dúnrìn mú èyí wá.”

Ó ṣí ọwọ́. Ègé bàtà sílípáàsì pupa mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n lu ihò sí àárín wọn. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Wọn kì í wọ bàtà dé sàkáání ilé ìjọ yẹn. Ẹni tó bá gbàgbé, ààwẹ̀ ló máa fi san án.

“Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo ti rí wọn,” Bọ́dúnrìn ní, “níbi tí mo ti ń pọn omi mímọ́! Bàtà! Ó fẹ́ sọ omi wa di aláìmọ́, kó má lè wo ọmọ sàn. Ta ló ń fi sílípáàsì pupa so àwọ̀n létí omi yìí?”

Gbogbo apẹja ló máa ń gé bàtà àlòkù láti fi mú àwọ̀n léfòó, àmọ́ Ìkúnayọ̀ nìkan ló ń lo pupa, kí ó lè dá tirẹ̀ mọ̀ láti òkèèrè.

“Tèmi ni,” Ìkúnayọ̀ sọ.

“Jésù!” àwọn ìyá ìjọ kígbe. Rebecca, tó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú Elijah láyà, kò kígbe. Ó kàn di ọmọ rẹ̀ mú síi.

Ìkúnayọ̀ fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n nǹkan kan dá a lẹ́nu dúró. Ó ń wo àwọn ègé bàtà náà. Àwọ̀n rẹ̀ tó ya lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ègé bàtà bọ́ kúrò lára rẹ̀, kì í ṣe nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì ló dẹ ẹ́ sí. Ó dẹ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lápá òkun, nídìí òpó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun tí Bàbá Akínsànmí kọ́. Kí ló gbé bàtà láti ìdí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn omi mímọ́?

Bàbá Akínsànmí ni olórí àwọn Ìlàjẹ etí omi náà. Ní oṣù méjì sẹ́yìn ló kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn sórí omi fún gbogbo wọn, wọ́n sì jó fún un. Ìsàlẹ̀ ló kọ́ ọ sí, kí omi lè máa gbé ìdọ̀tí lọ sókun. Bí omi bá ń fà, òótọ́ ni, òkun ló ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń kún ńkọ́? Gbogbo wọn ni apẹja, gbogbo wọn ló mọ ìrìn omi bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn, Ìkúnayọ̀ náà pẹ̀lú, kò sì sí ẹnì kankan tó ronú kàn án. Ìbùkún nìkan ni wọ́n ń retí látinú omi tó ń kún.

“Omi máa yí ní agogo méjì ọ̀sán,” Wòlíì ń wí. “A ó pọn tuntun. Ẹ ó mu ife mẹ́ta lójú gbogbo wa. Bí ọwọ́ yín bá mọ́, ẹ ó lọ ní àlàáfíà. Bí kò bá mọ́, omi náà yóò tú yín nínú, a ó sì mọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó fi etí omi yìí sílẹ̀.”

“Mo gbà,” Ìkúnayọ̀ dáhùn. “Agogo méjì. Bàbá Akínsànmí náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.”

Ó wá kúnlẹ̀ síwájú Rebecca, ìyá ọkọ níwájú ìyàwó ọmọ. “Rebecca, kó tó dìgbà yẹn, jẹ́ kí n fún ọmọ ní omi tí mo ti sè. Díẹ̀ díẹ̀. Wo ẹnu ẹ̀ bó ṣe gbẹ.”

“No touch am.” Ohùn Rebecca kéré, ó sì le. “If you touch am, I go kill you.”

* * *

Ìkúnayọ̀ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbassa. Mutmainah wà láàárín èrò, ó ń wọn ọmọ. Nígbà tó gbọ́ ti ọmọ àti ti omi, ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láìparí.

“Elijah? Èyí tí wọn ò jẹ́ n kán àjẹsára tiẹ̀ sí lẹ́nu?” Ó bá kó oògùn oníyẹ̀fun inú ọ̀rá mẹ́ta fún un, àti oògùn síńkì. “Ìyá, ọ̀rá kan sínú lítà omi kan tẹ́ ẹ ti sè, tó ti tutù. Ṣíbí kan, ẹ dúró díẹ̀, ṣíbí kan. Tó bá bì í, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì dúró nílé: ẹ máa fún un lójú ọ̀nà, ẹ gbé e bọ̀ wá bá mi. Tí ojú ẹ̀ bá ti wọnú, ẹ sáré.”

“Ó ti wọnú.”

Mutmainah pa ojú dé. “Ẹ wò ó, ẹ̀kán tí mo kán sí Ìtùnú lẹ́nu, èyí tó ń pa ọmọ jù nínú ohun tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ló ń dènà. Kò lè dí gbogbo ọ̀nà. Tí wọ́n bá ń bu ìgbẹ́ mu níbẹ̀, àní Ìtùnú náà ò bọ́. Omi yẹn ni kẹ́ ẹ lọ mú.”

“Mo ti mú un,” Ìkúnayọ̀ sọ. “Ó kù kí n fi hàn wọ́n.”

* * *

Ní agogo méjì, gbogbo etí omi ti pé. Àwọn kan wà lórí àtẹ̀gùn, àwọn kan wà nínú ọkọ̀. Omi ti yí. Ó ń rọra gun òpó bọ̀. Rebecca jókòó sókè pẹ̀lú Elijah. Àwùjẹ̀ ọmọ náà ti jìn, ó ń sunkún, omijé ò jáde.

Ìkúnayọ̀ wọ aṣọ funfun rẹ̀ dé. Ó gbé ìgò omi kan tó ti po oògùn Mutmainah mọ́ lábíyá, ó sì mú àpò kan dání.

“Ṣé ẹ ó mu?” Wòlíì bi í.

“Màá mu. Àmọ́ bàtà lẹ fi mú mi. Ẹ ní mo fọwọ́ mi gbé e wá síbí, mo ní mi ò gbé e wá. Ẹ jẹ́ ká bi omi.” Ó da àpò náà sílẹ̀. Ègé bàtà pupa méje ló jáde. “Bàbá Akínsànmí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ gba méjèèje, ẹ lọ jù wọ́n sínú ihò rẹ̀ fúnra yín, kẹ́nikẹ́ni má ní mo fi ọwọ́ àjẹ́ tì wọ́n.”

Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì sí ọjọ́ kan nínú wọn tí kò wọ ọkọ̀. Ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó wo omi. Ó wo àtẹ̀gùn. Ìkúnayọ̀ rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, ó mọ̀ pé ó ti yé e kó tó gbéra. Ó lè kọ̀. Ó kó àwọn bàtà náà, ó wọ ọkọ̀, ó sì wà á lọ.

Wọ́n rí i tó gorí pákó, tó tẹ̀ ba, tó tún nàró. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró.

Ègé àkọ́kọ́ yọ lábẹ́ òpó, ó fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì há sáàárín gbòǹgbò igi etí omi. Bọ́dúnrìn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Ọlámigòkè bo ojú. Ìkúnayọ̀ ń wo Elijah, kò wo omi mọ́.

“Ẹ wò ó,” ọmọdé kan sọ nínú ọkọ̀. “Dem dey come.”

Mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ rí, pupa lórí omi dúdú, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bọ̀ láìkánjú. Wọ́n kọjá níwájú ilé Bàbá Akínsànmí. Wọ́n kọjá lábẹ́ fèrèsé ilé ìjọ. Méjì mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí tó ṣíwájú yí lẹ́ẹ̀kan lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó sì wọ inú garawa tí Bọ́dúnrìn ti tẹ̀ sínú omi láìmọ̀. Ó ju garawa sílẹ̀ bí ẹni tí ejò bù jẹ.

“Ẹ gbé e,” Ìkúnayọ̀ sọ. “Kí ló dé? Omi mímọ́ kọ́ ni? Ohun tó bá já bọ́ nínú ihò yẹn, ibí ló ń bọ̀. Mo ní gbogbo ohun tó bá já bọ́! Oṣù méjì lẹ ti ń bù ú, tẹ́ ẹ sì ń gbàdúrà sí i, tẹ́ ẹ sì ń rọ ọ́ sọ́mọ lẹ́nu. Ẹ wá fún mi ní ife mẹ́ta. Wòlíì, ẹ kọ́kọ́ mu tiyín, kí n mu tèmi.”

Ìyá kan tẹ̀ mọ́ òpó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wòlíì Adépọ̀jù tẹ̀ ba, ó bu omi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́. Ó jẹ́ kó ṣàn gba àárín ìka rẹ̀ lọ. Ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó káwọ́ lé orí.

Òkè ni ohùn ti wá. “So na me.” Rebecca ni. “Èmi ni mo fún un. Ife mẹ́ta lọ́jọ́ tí àìsàn mú un. Ó ní òun ò mu mọ́, mo di imú ẹ̀ mú, mo rọ ọ́ fún un. Màmá, na me kill Olúwaṣìkẹ́mi.”

Ìkúnayọ̀ gun àtẹ̀gùn lọ bá a. Inú ṣì ń bí i sí obìnrin yìí, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò bí òun. Àmọ́ ó ti sin ọmọ méjì rí, ó mọ ibi tí Rebecca ń lọ, ó sì mọ̀ pé kò sí àbọ̀ níbẹ̀ téèyàn bá pẹ́ jù.

“Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ìyá ẹ̀ fún un lómi. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ìpànìyàn, màá là á lẹ́nu. O gbọ́? Jáde níbẹ̀. Elijah ṣì ń mí. Jẹ́ ká lọ.” Ó ṣí ìgò náà. “Omi tí mo sè nìyí. Omi àjẹ́. Ṣé kí n fún un?”

Rebecca wo ìgò, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. “Give am,” ó ní. Ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ṣíbí kan. Wọ́n dúró. Ṣíbí kan. Ọlámigòkè ti tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kó tó di ìkẹta. Nínú ọkọ̀, nínú kẹ̀kẹ́, ọwọ́ Ìkúnayọ̀ kò dúró. Ní Agbassa, Mutmainah gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fa omi sí i lára.

Ojú ò kan oorun ní òru yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlámigòkè gbé Elijah lé itan, ni nǹkan gbígbóná bá ṣàn gba ṣòkòtò rẹ̀.

“Ìye! Ó tọ̀! Ó tọ̀ sí mi lára!” Àgbàlagbà ọkùnrin ń jó káàkiri ilé ìwòsàn pẹ̀lú ṣòkòtò tútù, ó ń sunkún, àwọn èrò tó ń gbàtọ́jú sì ń bá a dúpẹ́.

* * *

Bàbá Akínsànmí fi àáké ara rẹ̀ wó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ líle, jìnnà sómi, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ kòtò rẹ̀, wọ́n gbé ike omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà. Mutmainah tún gbé àpótí yìnyín rẹ̀ wá. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò ti ilẹ̀kùn. Iwájú ilé ìjọ ló jókòó sí, àwọn ìyá ìkókó sì tò.

Wòlíì nìkan ni nǹkan ò tíì rọ̀ lọ́rùn. Ó wá bá Ìkúnayọ̀ nídìí ẹja.

“Màmá, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n omi àdúrà, tí a bá gbé e kaná, ṣé àdúrà inú ẹ̀ ò ní í kú?”

“Wòlíì, iná tí kò pa Ṣádírákì, ṣé àdúrà yín ló máa pa?”

Wòlíì rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì.

Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìkòkò mẹ́rìndínlógún ló wà lórí iná létí omi náà. Ẹyẹ eléérú bà sórí òrùlé, kò sẹ́ni tó wò ó. Ọkọ̀ kan ń kọjá, àwọn ará etí omi kejì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti gbọ́ àbọ̀ ìròyìn, wọn ò gbọ́ tán. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ bo ẹnu, ó kígbe láti àárín omi:

“Àjẹ́! Ẹ̀yin àjẹ́ tó ń se omi!”

Ìkúnayọ̀ ya ẹnu láti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n Rebecca ti ṣáájú rẹ̀ dìde. Elijah wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ ìka, ọṣẹ sì wà lọ́wọ́ Rebecca títí dé igbọ̀nwọ́.

“Yes o!” ó ké, gbogbo omi sì gbọ́ ọ. “Na we! Àjẹ́ ni gbogbo wa! Àwọn ọmọ wa ti jẹun, wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ gbé tiyín wá!”